Wọ́n Tún Bàbá Ògúnlànà Sọ Lórúkọ

Bàbá Ògúnlànà máa ń fajú ro. Kì í ṣe tòní, kì í ṣe tàná.

Lọ́dún tí wọ́n ń tẹ́ irin rélùwéè wọ Ẹdẹ, òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó wo ojú Bàbá lẹ́ẹ̀kan, ó ká okùn ẹ̀ jọ, ó gba ibòmíràn lọ. Wọ́n ní ìdí tí irin fi ṣẹ́ kọ́rọ́ lápá ibẹ̀ nìyẹn. Mi ò sí níbẹ̀ o, àmọ́ mo gbà á gbọ́.

Ọwọ́ olójú ríro yìí ni Ìyàndá ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ tọrọ ọmọ!

Ọ̀ṣunfúnkẹ́ lorúkọ ọmọ náà. Ó dúdú, ó ń dán. Gbogbo ọkùnrin tó ti wá tọrọ ẹ̀, ojú Bàbá ló lé wọn sá. Ìyàndá tó ń gbẹ́lẹ̀ fún rélùwéè wá búra pé tóun ò bá fẹ́ ẹ, òun á lọ sùn sórí irin kí rélùwéè gorí òun kọjá.

Mo ní, "Rélùwéè ò tíì dé."

Ó ní, "Màá dúró dè é."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tó dá. Ó ní ebi ló ń pa Bàbá. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Oúnjẹ aládùn ló máa tú ojú yẹn ká."

Ló bá ra ọ̀yà gbígbẹ. Èmi ni mo rù ú. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá wo ọ̀yà, wọ́n wò wá. Ojú ro.

A gbé ẹ̀pà yíyan lọ. Ojú tún ro sí i.

Ìyàndá wá ra kúlíkúlí lọ́wọ́ Gàm̀bàrí kan ní Sẹ́kọ́nà, irú èyí tí wọ́n ń gé jẹ tó ń dún kàù! Bàbá ò la ẹnu tán tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. "Ẹ gbé e kúrò níwájú mi! Ṣé ẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀sín ni?"

Mo ní, "Ìyàndá, oúnjẹ yìí mà ń múnú dùn o."

"Inú ta ló dùn?"

"Inú tèmi." Ṣebí èmi ni mo ń jẹ gbogbo èyí tí Bàbá bá dá padà.

Nígbà tó yá, Ọ̀ṣunwùmí, ẹ̀gbọ́n Bàbá lóbìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti ìlú Ará dé. Ìyàndá sunkún lọ bá wọn. Ìyá Àgbà fọwọ́ lu itan, páà!

"Mo mọ ohun tó ṣe Ògúnlànà! Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, èèrà ti kún inú oyin. Iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi tọ́ ọ lẹ́nu. Àtọjọ́ náà ló ti ń fajú ro."

"Kí la máa wá ṣe báyìí, Ìyá?"

"Ká tún un sọ lórúkọ."

Yé è! Ẹ̀rín ń pa mí! Bàbá onírùngbọ̀n funfun!

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé kún fọ́fọ́. Ìyàndá gbé oyin àti ààdùn wá. Bàbá fárígá, wọ́n láwọn ò ṣe.

Ìyá Àgbà jágbe mọ́ wọn, "Ògúnlànà! Èmi ni mo pọ̀n ọ́! O tọ̀ sí mi lẹ́yìn títí ọ̀já fi jẹrà. Jókòó!"

Bàbá jókòó wọ̀ọ̀.

Mo da omi sórí òrùlé, ó ń kán sí Bàbá lórí, tó, tó, tó, bí wọ́n ṣe ń ṣe fọ́mọ tuntun. Ìyá Àgbà ti ìka bọnú oyin. "Oyin rèé o! A kì í foyin sẹ́nu ká fajú ro!" Bàbá lá a. Wọ́n tún un lá. Ààdùn dé, wọ́n gbé e mì kàló. "Oyinlọlá lorúkọ rẹ láti òní lọ!"

Àwọn obìnrin ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí Ìyá Àgbà, "Ẹ kú ewu ọmọ o!"

Bàbá wo ara wọn. Omi ń ro tótó lára wọn, oyin lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n.

"Ha! Ha-ha-ha!"

Bàbá rẹ́rìn-ín! Wọ́n la ẹnu gbàgà, gbogbo wa wo inú ẹ̀.

Kò séyín. Ẹyọ kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀!

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyàndá. Ọ̀yà gbígbẹ! Ẹ̀pà! Kúlíkúlí!

Mo bi Ọ̀ṣunfúnkẹ́, "O mọ̀ pé wọn ò léyín?"

"Mo mọ̀. Bàbá ní ẹni tó bá sọ ọ́ síta ò ní í relé ọkọ."

Ìyàndá ò jẹ́ kí ẹ̀rín yẹn tutù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbì! "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Ọ̀ṣunfúnkẹ́!"

Bàbá nu oyin nírùngbọ̀n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ. "Ìyàndá, inú mi ò dùn báyìí rí. Àmọ́ èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ láàárọ̀ yìí, ọmọ wo ni mo bí tí màá fi fọ́kọ?"

Wọ́n la ẹnu, wọ́n fi èrìgì hàn án.

"Ní sùúrù. Jẹ́ kí n hu eyín ná."