Ohun Tó Lè Mú Ẹ́ńjìnnì Bàbá Bádéjọ Gbó

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 1987, Bàbá Bádéjọ gbé tírélà rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù Àdùfẹ́, ọmọbìnrin mẹkáníìkì kan ní gúúsù Chicago, ó sì kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Lóòdù ń dúró dè é ní Romeoville, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò bá ní ìwé èéfín kò ní wọlé níbẹ̀ tí agogo méjìlá bá ti lù. Àdùfẹ́ ti kúnlẹ̀ kí i, ó sì ti fi ẹ̀rọ tí ń wọn èéfín sẹ́nu sàlẹ́ńsà.

"Bàbá, jíà ti wà ní fíríì. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré."

"Kí ẹ́ńjìnnì mi lè gbó, àbí? Ṣé arúgbó ni wọ́n máa ń ní kó fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó mọ̀ pé ara rẹ̀ le?"

"Dókítà ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, bàbá. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ní kí àwọn arúgbó sáré."

"Mélòó ló padà sílé nínú wọn?"

"Gbogbo wọn ni. Ẹ́ńjìnnì yín ní ohun tó ń dá a dúró, kò ní sáré kọjá agbára rẹ̀. Ọ́ìlì rẹ̀ pé, ó sì ti gbóná. Ẹ̀ẹ̀mẹta kò lè mú un gbó."

"Ta lò ń kọ́? Ọ̀gá tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ sọ bí mo ṣe ń tọ́jú ẹ̀."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní ẹsẹ̀ ni. Bí ẹni tẹ ẹyin. Mo gbé e gun òkè Colorado, ọbẹ̀ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò ta sílẹ̀."

Àdùfẹ́ wo aago. "Tí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, Tàjùdéèn ni wọ́n máa gbé lóòdù yẹn fún o."

Bàbá yọ orí síta. Tàjùdéèn tó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí oyin ń lé?

"Àmọ́ bàbá," ni Àdùfẹ́ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "bí ẹsẹ̀ yín bá fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀, báwo ni gbogbo àdúgbò yín ní Homewood ṣe ń gbọ́ yín tí ẹ bá ń bọ̀ wálé?"

Orí bàbá wú. "Ìyẹn yàtọ̀. Sìmíátù ìyàwó mi ni mò ń kí. Láti kọ́nà ni yóò ti gbọ́, tí yóò gbé omi ẹ̀bà kaná."

"Báwo lẹ ṣe ń kí i?"

"Gbọ́ ná."

Ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Àwọn ẹyẹlé fò lórí òrùlé.

"Ìyẹn ni 'mo ti dé'."

Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ìyẹn ni 'ṣé omi ti hó?'"

Ó tẹ ìkẹta.

"'Má jẹ̀ẹ́ kó le o.'" Ó sì tẹ ìkẹrin. "Ìyẹn ni ẹran."

Àdùfẹ́ wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó kọ̀wé, ó ya á, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sókè. "Ẹ ti yege, bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ yín, ẹ tún fi ẹran lé e."

Bàbá wo ìwé, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó dẹtí sí ẹ́ńjìnnì. Ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó.

"Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀. Ká ní ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ ni, ì bá ti nọ́ọ̀kì."

"Ojoojúmọ́ lẹ ń kí ìyá báyìí?"

"Ọdún mọ́kànlá gbáko."

"Ó dáa, bàbá. Tó bá gbó lọ́la, ẹ má gbé ẹjọ́ wá bá mi o. Ẹ̀bà ni kí ẹ bá ṣẹjọ́."