Ẹja Yíyan Tí Ológbò Láṣebìkan Ń Pa

Ṣé ẹnikẹ́ni ti là á yé yín rí, ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé, "Bí ológbò bá gbé ẹja yíyan wálé, ẹ bi í léèrè odò tó ti yan án"? Ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ ti rẹ́rìn-ín, ẹ sì rò pé ọ̀mùtí kan ló sọ ọ́ níbi tó ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Rárá o. Ẹni tí ojú rẹ̀ là kedere ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ fara balẹ̀.

Ní Ìwòdò, abúlé kan létí ọ̀sà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láṣebìkan. Ìgèrè tí àwọn apẹja fi ń dẹ ẹja ló ń hun. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ti wọ ilé ọkọ, ó wá ku òun àti èkúté. Èkúté ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Ìgèrè tó bá hun sílẹ̀ lónìí, wọ́n á ti gé okùn rẹ̀ jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ló bá lọ tọrọ ológbò kan, ó sọ ọ́ ní Músù.

Ẹ ò rí bí ọkùnrin yìí ṣe fẹ́ràn Músù. Bó bá ń ṣiṣẹ́, orí itan rẹ̀ ni Músù ń sùn, á máa kùn bí ọlọ tó ń lọ àgbàdo. Bí Músù bá pẹ́ níta, Láṣebìkan á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa pè é títí ohùn rẹ̀ á fi há. Àwọn aládùúgbò ní kò pe ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí nígbà tó wà láyé. Èkúté sì kó kúrò nílé pátápátá.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Láṣebìkan ṣílẹ̀kùn, ó bá ẹja àrọ̀ yíyan kan lẹ́nu ọ̀nà. Músù jókòó tì í, ó ń lá ọwọ́. Ẹnu ya Láṣebìkan. Ó fọwọ́ kan ẹja náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan.

"Músù," ó ní, "ṣé ìwọ lo pa èyí?"

Músù wò ó, ó dijú, ó lajú. Láṣebìkan gbà pé ìdáhùn nìyẹn. Ó rò ó: ológbò ń pa èkúté fún olówó rẹ̀, kí sì ni ẹja bí kò ṣe èkúté inú omi? Èéfín ara rẹ̀ ńkọ́? Bóyá oòrùn ló mú un. Ibi tó bá ìrònú dé nìyẹn o. Ó te ẹ̀bà, ó jẹ ẹja náà tòun ti orí.

Kò pẹ́, òmíràn dé, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láṣebìkan ní orúkọ Músù ò yẹ irú akọni yìí mọ́, ó sọ ọ́ di Ọdẹ́wálé. Ọdẹ́wálé rí i pé wọ́n mọ rírì òun, ló bá múra síṣẹ́. Ó gbé itan adìyẹ díndín wá. Láṣebìkan ní àfàìmọ̀ kí adìyẹ náà má ti sún mọ́ iná jù. Ó gbé mọ́ínmọ́ín wá, ewé rẹ̀ ò tilẹ̀ tú. Ara Láṣebìkan bù máṣọ. Ó dúró, ó wo mọ́ínmọ́ín náà títí. Ṣùgbọ́n ebi ń pa á, ọkàn rẹ̀ sì ń sọ fún un pé bí òun bá fi lè bèèrè ọ̀rọ̀, ìdáhùn lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ òun. Ó tú ewé.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ máa bẹ́yìn yọ, ẹja tí Ọdẹ́wálé gbé wá tóbi débi pé ẹ̀yìn ló ń fi rìn, tó ń wọ́ ọ bọ̀. Wọ́n ti ká ẹja náà róbótó, wọ́n ki ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, wọ́n fi ẹ̀gún gún un mọ́ ibẹ̀. Láṣebìkan ní èyí kọjá ohun tí ènìyàn ń dá jẹ. Opó kan sì wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, tó ń yan ẹja tà létí ọ̀sà, tí Láṣebìkan ti ń wá ọ̀nà àtibá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ẹni tó ń yan ẹja tà kì í rí èyí tó dára jẹ níbẹ̀. Ó wẹ̀, ó wọ bùbá tó dáa, ó fi ewé di ẹja náà, ó di ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró.

Ó bá Àwẹ̀ró lórí àpótí, ojú rẹ̀ le koko. Àbúrò rẹ̀ tó ń bá a gbé, Mónísọ́lá, jókòó lórí ẹrù tó ti dì, ó ń sunkún.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," Láṣebìkan kí wọn. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Nǹkan wà, ẹ̀gbọ́n," Àwẹ̀ró dáhùn. "Ẹja mi ló ń sọnù lórí ààrò. Kí n yíjú báyìí, ọ̀kan ti lọ. Èmi àti Mónísọ́lá nìkan la wà níbí. Mo bi í, ó ní òun kọ́. Mo ní kó máa lọ bá bàbá wa nílé."

"Èmi tí òórùn ẹja ti sú," Mónísọ́lá ní, ó nu ojú. "Kí ni mo fẹ́ fi ẹja ṣe?"

Àánú ṣe Láṣebìkan. Ó sì fẹ́ kí Àwẹ̀ró mọ irú ènìyàn tí òun jẹ́. Ó gbé ohùn àgbà wọ̀: "Olè burú. Ẹni tó ń jẹ òógùn opó, kí ikùn rẹ̀ wú bí ìkòkò, kí eegun ẹja há a lọ́fun, kó má rẹ́ni bá a yọ ọ́."

"Àṣẹ," ni Àwẹ̀ró wí.

Ló bá na ẹ̀bùn rẹ̀ sí i. Àwẹ̀ró tú ewé. Ó gbé ẹja náà sún mọ́ ojú, ó yí i, ó tún un yí. Mónísọ́lá dìde wá wò ó, ẹkún sì dá lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí ẹja yìí?"

"Ológbò mi ló pa á," Láṣebìkan fi ìwúrí sọ.

"Ológbò yín ló pa á. Ta ló yan án?"

Láṣebìkan yíjú wo ẹja náà, bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

"Gbogbo ará Ìwòdò ló ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún ìrù ẹja mọ́ ẹnu," Àwẹ̀ró ní. "Èmi nìkan ni mò ń fi ẹ̀gún igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé mi gún un. Òun nìyí. Ṣé ológbò yín ló tún lọ ṣẹ́ ẹ̀gún?"

"Bí gbogbo èyí tó ń gbé wá ṣe ń rí náà nìyẹn," Láṣebìkan sọ, kó tó rántí pa ẹnu dé.

"Gbogbo èyí wo?"

Ọwọ́ Láṣebìkan lọ sí ikùn ara rẹ̀, ó tún lọ sí ọ̀fun.

Ìdajì abúlé ló tẹ̀ lé wọn dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Láṣebìkan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun kò jalè, Ọdẹ́wálé ló ń gbé e wá, òun kàn ń bá a jẹ ẹ́ ni. Ìyá àgbà kan ní láti ìgbà tí òun ti ń sin ológbò, kò gbé ohun tó ju aláǹgbá lọ wálé fún òun rí. Baálẹ̀ mi orí.

"Láṣebìkan," ó ní, "àgbàlagbà kì í fi ológbò bojú."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún nǹkan kan. Ọdẹ́wálé ló ń bọ̀ láàárín wọn, ìrù rẹ̀ nà ró ṣánṣán, itan ẹtù díndín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Kò wo Baálẹ̀, kò wo ìjòyè. Ó rìn títí dé iwájú olówó rẹ̀ tó nà sílẹ̀, ó gbé ẹtù náà kalẹ̀ síbi imú rẹ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọwọ́.

Láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbọ́ ohùn ìyáàlé Baálẹ̀: "Ta ló ṣí ìkòkò ẹtù Baálẹ̀?"

Baálẹ̀ wo itan ẹtù. Ó wo ológbò.

"Láṣebìkan," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "bí ológbò bá gbé ẹja yíyan wálé, ṣé kò yẹ kí o bi í léèrè odò tó ti yan án?"

Ẹ̀rín sọ. Láṣebìkan nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí Mónísọ́lá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹrù rẹ̀ lórí. Ó yíra padà nílẹ̀ níbẹ̀, ó kọjú sí i.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mi ò bèèrè," ó ní, "ìwọ ni wọ́n sì fẹ́ lé nílé nítorí rẹ̀. Má bínú."

Kí bàbá tó ti tó bí i dọ̀bálẹ̀ fún un! Èyí gan-an ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ju ti ológbò lọ. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Baálẹ̀ dá Láṣebìkan lẹ́jọ́ pé kó hun ọmọrí fún gbogbo ààrò tó wà ní Ìwòdò, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró. Ológbò náà tẹ̀ lé e débẹ̀, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ ààrò móoru, ó sì kọ̀, kò padà sílé mọ́. Bí Láṣebìkan bá ṣe ń gbé e dé ilé ló ń sá padà. Ní òwúrọ̀, ọkùnrin yìí á ṣílẹ̀kùn, á wo ilẹ̀, ilẹ̀ á ṣófo. Ó rò pé ẹja ló ń dun òun. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó mọ̀ pé ẹni tó ń jókòó ti ẹja ni. Ilé dákẹ́ jù, àwọn èkúté sì ti gbọ́ pé ológbò ò sí nílé.

Ló bá di pé ó ń lọ wo ológbò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kan Àwẹ̀ró bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń wá wò níbí gan-an?"

Láṣebìkan kò kánjú. Ó rò ó dáadáa. "Ológbò ni tẹ́lẹ̀," ó ní.

Àwẹ̀ró dìde, ó gbé àpótí fún un. Orí àpótí yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ fi di ìgbéyàwó. Mónísọ́lá ló gbé oúnjẹ fún àwọn àlejò lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹja yíyan sì ni. Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé e fún ni Baálẹ̀. Baálẹ̀ gba abọ́, ó wo ẹja, ó wá ológbò káàkiri ìdí ìjókòó, kò rí i. Síbẹ̀ kò fọwọ́ kan án.

"Mónísọ́lá, ọmọ mi," ó ní, "odò wo ni wọ́n ti yan èyí?"

Láti ọjọ́ náà, bí ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ bá ń gbé ohun rere wọlé, tí àwọn ará ilé ń jẹ tí wọ́n ń pọ́n ẹnu lá, àwọn àgbà á wò wọ́n, wọ́n á ní: Bí ológbò bá gbé ẹja yíyan wálé, ẹ bi í léèrè odò tó ti yan án.