Ọjọ́ Tí Mo Di Òyìnbó Ajíhìnrere

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ìgbà tí àwọn sójà ń fi kòbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò lórí ìlà ni. Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà kan lẹ́yìn ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, lójú ọ̀nà Ìmùsìn.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé ìkàwé tuntun tán, wọ́n sì fẹ́ fi orúkọ òyìnbó ajíhìnrere tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ pè é. Baba náà ti kú tipẹ́, àmọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bí síbí, tó sì ti darúgbó, ń bọ̀ láti ìlú ọba. Ọ̀gá àgbà wa ní ká fi eré ṣàfihàn bí baba náà ṣe kọ́kọ́ wọ ìlú. Àmọ́ Baba Ìjọ, ọmọ bíbí ìlú náà, kò fẹ́ ẹ rárá.

"Ẹ fẹ́ sọ òkú ọlọ́lá di ẹlẹ́yà," ni wọ́n wí.

Ọ̀gá àgbà ní, "Bí eré yìí bá bàjẹ́, èmi ni kí ẹ mú, sà." Ni wọ́n bá kọjú sí mi. "Ìwọ lo ga jù, ìwọ lo máa ṣe òyìnbó. Má dójú tì mí o."

Inú mi dùn, mo wú bí búrẹ́dì. Èmi sì rèé, tí mo dúdú bí ìdí ìkòkò! Wọ́n da àtíkè lé mi lójú, wọ́n fi sítáṣì lẹ òwú mọ́ mi lágbọ̀n, wọ́n dé mi ní akoto. Kẹ̀kẹ́ tí baba náà fúnra wọn gùn ṣì wà ní yàrá ẹrù. A nù ún, a fi epo sí i, ó ń dán. Kò sẹ́ni tó bèèrè búréèkì.

Ètò wa ni pé kí n sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ẹnu géètì, kí n dúró níwájú bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn àlejò pàtàkì, kí n ṣí akoto, kí n wá wí pé, "Àlàáfíà fún ilé yìí!"

Nígbà tó kàn mí, mo gun kẹ̀kẹ́, mo kọrí sí ìsàlẹ̀. Òógùn ti yọ́ sítáṣì, irùngbọ̀n mi bẹ̀rẹ̀ sí í fì lápá kan. Mo fi ọwọ́ kan dì í mú. Akoto wálẹ̀ bò mí lójú. Mo tẹ búréèkì, búréèkì kò dá mi lóhùn.

"Ẹ yà fún mi! Ẹ gbà mí o!"

Àwọn èèyàn rò pé ara eré ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Ọmọ yìí mọ eré é ṣe o!" Bí mo ṣe ń ké tó ni wọ́n ń yìn mí tó. Mo kọjá níwájú bíṣọ́ọ̀bù bí ìjì, mo ṣáà rántí ọ̀rọ̀ mi, mo pariwo pé, "Àlàáfíà fún ilé yìí o!" Àlàáfíà náà kò dúró kí wọ́n gbà á. Ó gba ẹ̀yìn kánópì lọ síbi tí àwọn ìyá ìjọ ti ń dáná, èmi àti kẹ̀kẹ́ sì kó sínú bàsíà ńlá tí wọ́n da ìkọ́kọrẹ́ sí kó lè tutù.

"Yéè! Ìkọ́kọrẹ́ bíṣọ́ọ̀bù!" ni ìyá kan ké.

Ọ̀gá àgbà káwọ́ lérí. Baba Ìjọ dìde: "Ṣé mi ò sọ fún yín?" Ìyá òyìnbó náà sì ń tọ̀ mí bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Mo fẹ́ sá, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ti há sínú táyà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn.

"Bàbá mi gan-an nìyí!" ni wọ́n fi Yorùbá wí, Yorùbá tí wọ́n fi ẹnu ọmọdé kọ́.

Wọ́n kọjú sí èrò. Wọ́n ní bàbá àwọn kì í yé sọ ọ́ nílé: lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ìlú, kẹ̀kẹ́ gbé wọn kó sínú ìkòkò ọbẹ̀ ìyá arúgbó kan. Ẹ̀rín ló mú àwọn ará ilé jáde, nítorí ẹ̀rù òyìnbó ti ń bà wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìyá náà wẹ ọbẹ̀ kúrò lára wọn, ó fún wọn níbùsùn, àgbàlá rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ wàásù.

Baba Ìjọ di ẹnu mú. "Ìyá ìyá mi ni! Wọ́n máa ń sọ fún wa pé òyìnbó kan da ọbẹ̀ wọn nù. A rò pé àlọ́ ni wọ́n ń pa fún wa!"

Baba Ìjọ gan-an ló na ọwọ́ sí mi, tí wọ́n fà mí dìde. Ariwo ayọ̀ sọ, àwọn ìyá ìjọ dá orin, wọ́n ń jó. Ìyá òyìnbó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ìkọ́kọrẹ́ tó ń kán lára mi, àwa méjèèjì la jọ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìkàwé náà. Ọ̀gá àgbà ń rìn bí ẹni pé wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn!

Ohun tí mo kọ́ ni pé, bí a bá fẹ́ bọlá fún ẹni tó ti lọ, kí a má fi ìṣubú rẹ̀ pamọ́. Nígbà míì, ibi tó ṣubú sí gan-an nilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí. Mo ti di àlùfáà báyìí, mo máa ń wọ kọ́là funfun gbọn-ín. Síbẹ̀, bí mo bá ti dé orí pẹpẹ nílùú náà, ìyá kan á tẹ ẹnì kejì rẹ̀ nígbọ̀nwọ́: "Òyìnbó Ìkọ́kọrẹ́ ti dé." Kí ni kí n ṣe? Màá rẹ́rìn-ín, màá tún kọ́là ṣe, màá ṣí Bíbélì.