Aṣọ Ẹgbẹ́ Mẹ́ta Lórí Okùn Kan

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn? Ọ̀rọ̀ ìbò ló fà á.

Ní Ìdí-Ọsàn, ìjì ká òrùlé ilé ìgbẹ̀bí lọ, Fọláwẹ̀ sì ti lóyún. Abẹ́ní, ìyá rẹ̀, ṣèlérí fún un pé, "Ẹgbẹ́ tó máa kan òrùlé yẹn ni màá dìbò fún. Mi ò ní wojú ẹnikẹ́ni."

Ẹgbẹ́ òṣèlú Ẹlẹ́ja bá gbé ìró ankará wá, wọ́n ya ẹja sí i lára. Alátùpà gbé tiwọn wá, Alákàbà náà ò gbẹ́yìn. Gbogbo wọn ló ní àwọn máa kan òrùlé. Abẹ́ní rò ó títí, ó ní ẹgbẹ́ tí àwọ̀ aṣọ rẹ̀ bá ṣí nínú omi, irọ́ ló ń pa. Ó rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú abọ́ kan ṣoṣo.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣí. Àtùpà pọ́n bí ata, àkàbà sì gun ẹja lẹ́yìn. Ó sá wọn sójúde, ó wọlé lọ gbàdúrà.

Kó tó ṣe àmín, Bàbá Olúkòtún, onílé rẹ̀, alága Alákàbà, ti dúró sídìí okùn.

"Ìyá Fọláwẹ̀, ẹgbẹ́ mélòó lò ń ṣe nínú ilé mi?"

Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ Alátùpà, ń kọjá lọ, òun náà yà. "Arábìnrin, aṣọ ẹlẹ́ja náà wà níbẹ̀? Ṣebí o sọ fún mi pé Ọlọ́run ló máa bá wa kan òrùlé náà?"

"Ọlọ́run náà ni mò ń dúró dè, mà," ni Abẹ́ní wí bó ṣe jáde síta.

Bàbá fa okùn lápá kan, Ìyá Ìjọ fà á lápá kejì. Okùn já, aṣọ ẹlẹ́ja sì lọ wé mọ́ Bàbá lórí. Àsìkò náà gan-an làwọn Ẹlẹ́ja gun ọ̀kadà kọjá.

"Alága, ẹ káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ wa o."

Bàbá ní àfi kí Abẹ́ní sọ ẹni tó máa dìbò fún, tàbí kó kẹ́rù rẹ̀ jáde. Abẹ́ní kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹni tó máa kan òrùlé ilé ìgbẹ̀bí ni."

"Àwa nìyẹn." Inú Bàbá rọ̀.

"Àbí ẹ ò rí nǹkan," ni Ìyá Ìjọ wí, "àwa ló ń bá wí." Kálukú bá lọ sílé rẹ̀ tẹ̀rín tẹ̀rín.

Lọ́jọ́ kejì Abẹ́ní lọ bá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ta ni káfíńtà yín, ọjọ́ wo ló ń bọ̀? Méjì ní kó dìbò ná. Ẹyọ kan dárúkọ káfíńtà, ó dárúkọ ọjọ́. Abẹ́ní dìbò fún un, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé, wọ́n kan òrùlé náà. Ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní àwọn làwọn kàn án. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Fọláwẹ̀ bímọ, ẹ̀kán kan ò kán sọ́mọ lára.

Bàbá wá kí wọn, ó bá Abẹ́ní nídìí okùn, aṣọ ọmọ nìkan ló ń sá.

"Ìyá Fọláwẹ̀, o dìbò àbí o ò dì?"

"Mo dì í, Bàbá. Mo mú ìlérí mi fún Fọláwẹ̀ ṣẹ."

"Ẹgbẹ́ wo lo wá dì í fún?"

Abẹ́ní gbọn ìlédìí kan, ó tẹ́ ẹ sórí okùn.

"Bàbá, gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn."