Dókítà Mo-ti-mọ̀ Fẹ́ Joyè Olùdarí

Ẹ bá mi kí ọ̀gá wa, àgbà dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ìjọba, Awòjú-mọ-wèrè, ẹni tí ẹ̀wù funfun rẹ̀ máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Mo-ti-mọ̀ ni ìnagijẹ tí àwa òṣìṣẹ́ fún un. Aláìsàn ò ní í tíì jókòó tán tí yóò fi ní, "Mo ti mọ̀." Yóò ti kọ oògùn, yóò ti na ìwé sí i, ojú rẹ̀ ò sì ní kúrò lára fótò ara rẹ̀ tó gbé kọ́ ògiri.

Fótò mẹ́fà ló wà ní ọ́fíìsì náà. Òun nìkan ló wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Èmi ni akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì, mo sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọjọọjọ́rú ló yẹ kó yí wọ́ọ̀dù ká, kó rí aláìsàn ọgbọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kọ ohun tó rí. Ọ̀gá mi kì í dá ara rẹ̀ lágara. Láago mẹ́jọ àárọ̀, yóò ní kí n kó fáìlì wá, yóò máa mu tíì, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ọgbọ̀n fáìlì: "Mo rí i lónìí. Ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Kò mọ ọjọ́. Kó máa lo oògùn lọ." Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ó ti rí gbogbo wọn láì dìde lórí àga.

Aránṣọ kan wà lára ọgbọ̀n yẹn. Ọkọ rẹ̀ ló kú, tí kò fi sùn fún ọjọ́ mọ́kànlá, ni wọ́n bá gbé e wá. Ìyá Wọ́ọ̀dù, àgbà nọ́ọ̀sì wa, ló jókòó tì í títí ẹkún fi tán lójú rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ ti yá. Kódà lóṣù tó kọjá, wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́wàá kó lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tí oyún ń dà láàmú, ó lọ, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wá. Ìwé tí yóò fi lọ sílé pátápátá ti wà lórí tábìlì ọ̀gá, ìfọwọ́sí ló kù.

Ó wá bẹ̀ ẹ́ níṣojú mi.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ò ní í pẹ́ bímọ, àkọ́bí ni, èmi nìkan ló sì ní. Ara mi ti yá, sà."

"Mo ti mọ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé ara òun ti yá, àìsàn ló ń bá a sọ ọ́."

"Tí mo bá wá ní kò tíì yá ńkọ́, sà?"

"A jẹ́ pé kò tíì yá nìyẹn."

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ìjọba ń wá olùdarí tí yóò jókòó lé gbogbo ilé ìwòsàn ọpọlọ lórí, àwọn àlejò sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wo ẹni tó tọ́ sí i. Ọ̀gá mi ti dá ìwòsàn tuntun sílẹ̀, ó pè é ní Ìwòsàn Àfojúwò: òun á wo aláìsàn lójú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara onítọ̀hún á sì dá ṣáṣá. Irú iṣẹ́ ìyanu bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ti yá tẹ́lẹ̀.

"Lọ́jọ́ Ẹtì, tí mo bá gbọ́wọ́ sókè, kó o mí kanlẹ̀, kó o ní, 'Mo ti mọ ibi tí mo wà.' Màá fọwọ́ sí ìwé ẹ lójú ẹsẹ̀."

"Ọmọ mi lè bí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, sà."

"Kó mú un mọ́ra."

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán. Adìẹ funfun ò kúkú mọ ara rẹ̀ lágbà.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Àwọn àlejò kún gbọ̀ngàn, ìyá àgbà kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́rùn ni alága wọn. Àwọn aláìsàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Ọ̀gá mi fi ogójì ìṣẹ́jú sọ ìtàn ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú aránṣọ jáde, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láago pé ọmọ rẹ̀ ti ń rọbí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Àìsàn nìyẹn."

Ó wò ó, ó wò ó, ó gbọ́wọ́ sókè. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ. Ọ̀gá mi ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

"Ṣé lóòótọ́ ni ara rẹ̀ ò yá tẹ́lẹ̀?" ni alága bi í.

"Mà, títí di Ọjọ́rú yìí, ògiri ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Akọ̀wé, gbé fáìlì ẹ̀ wá."

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Mi ò tíì sáré bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.

Alága gbé awò wọ̀. "Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá, ẹ rí i?"

"Mo rí i. Ó kọjú sí ògiri báyìí."

"Ìwé tó tẹ̀ lé e sọ pé láti ọjọ́ karùn-ún ló ti wà nílé ọmọ rẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Ó... ó jọ ọwọ́ mi."

"Èyí ńkọ́? 'Mo rí i lónìí.' Ọjọ́rú tó ń bọ̀ lẹ kọ sí i, Dókítà. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ò tíì dé."

Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni, kó lè ráyè fi ọ̀sẹ̀ náà ṣàjọyọ̀ oyè. Wọ́n ní a kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìyẹ. Àwòdì tiwa ti gbé adìẹ tí ìyá rẹ̀ ò tíì yé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni aránṣọ wí, "ọmọ mi ń rọbí."

"Fọwọ́ sí ìwé obìnrin yìí," ni alága sọ fún dókítà. Kò pè é ní ẹ mọ́.

Ó fọwọ́ sí i, òógùn ń kán sórí ìwé. Obìnrin náà gbà á, ó dì mọ́ Ìyá Wọ́ọ̀dù, ó sì sáré jáde. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tó sáré kúrò nílé ìwòsàn wa tí ẹnikẹ́ni ò lé e.

Baba káfíńtà kan bá dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ bá mi ka tèmi náà, mà."

Mo sáré gbé fáìlì tirẹ̀ náà wá, alága kà á: "Mo rí i lónìí. Ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Kò mọ ọjọ́."

"Ọjọ́ Ẹtì lòní," ni baba wí, "ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù."

"Baba, dókítà yín kọ ọ́ síbí pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lòun ń rí yín, láti ọdún mẹ́rin."

Baba wo ọkùnrin aláṣọ funfun náà láti òkè délẹ̀, fara balẹ̀, bí ẹni ń wo pákó tó fẹ́ rà. Ó wá yíjú sí Ìyá Wọ́ọ̀dù.

"Nọ́ọ̀sì, ta nìyí?"