Pósí Tí Fọlárìn Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣí

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé rírí pósí kọ́ ni rírí òkú? Ẹ jókòó. Ẹ má sì rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ, torí òkú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Fọlárìn ló fà á. Òun ló kọ kóòdù kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wá òkú ní mọ́ṣúárì ìlú wọn. Nínú kóòdù yẹn, orúkọ òkú kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí dúrọ́ọ̀ inú fíríìjì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, bí ìgbà téèyàn bá júwe ilé fún àlejò. Kóòdù á béèrè pé: ṣé dúrọ́ọ̀ lohun tí orúkọ yìí tọ́ka sí? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á ní, "Ó dára."

Lọ́jọ́ kìíní, kóòdù ní ó dára, àmọ́ òfìfo ni dúrọ́ọ̀ náà. Fọlárìn fi ìbéèrè kún un: ṣé nǹkan wà níbẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́, páálí ẹja tútù tí òṣìṣẹ́ kan tọ́jú pamọ́ ni. Màmá Ìbùkún tó ń tọ́jú àwọn òkú wá bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ̀ńjíníà, ẹ jẹ́ kó máa béèrè ẹni tó wà nínú ẹ̀. A ti so orúkọ wọn mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn."

Fọlárìn fi ẹyọ ìbéèrè kan péré kún un: ṣé èèyàn ni? Ó ní ìyẹn ti tó.

Kò pẹ́ ni bàbá rẹ̀ kú. Ogún ọdún gbáko ni bàbá yìí àti Bàbá Ṣóyẹmí fi du ilẹ̀ kan níwájú baálẹ̀. Bàbá Fọlárìn ti kìlọ̀ fún un pé orí ilẹ̀ náà ni kó sin òun sí, torí ta ló máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí sàréè bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀? Bàbá Ṣóyẹmí náà kú lọ́sẹ̀ yẹn, mọ́ṣúárì kan náà ni wọ́n sì gbé e lọ.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, inú dúrọ́ọ̀ tí kóòdù júwe ni wọ́n ti gbé òkú sínú pósí. Létí sàréè, àbúrò bàbá Fọlárìn ní, "Fọlárìn, jẹ́ ká ṣí pósí yìí. Mo fẹ́ rí ojú ẹ̀gbọ́n mi."

"Bàbá, ẹ má dá wa dúró. Kóòdù mi ti yẹ̀ ẹ́ wò. Dúrọ́ọ̀ ni, nǹkan wà níbẹ̀, èèyàn sì ni."

Wọ́n sin ín. Fọlárìn sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, òun ló sì kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ sí i. Wọ́n rẹ́ símẹ́ńtì lé e lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ọjọ́ kẹta, Màmá Ìbùkún pè é lórí fóònù. "Ẹ̀ńjíníà, ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá gbé bàbá yín? Fíríìjì kan bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá pààrọ̀ àyè wọn pẹ̀lú ti Bàbá Ṣóyẹmí, kóòdù yín ò sì mọ̀."

Kí Fọlárìn tó sáré dé ilé baálẹ̀, àwọn ọmọ Ṣóyẹmí ti jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ dúdú. Dáódù wọn dọ̀bálẹ̀ fún un. "Ẹ̀gbọ́n, a ti gbọ́ ní mọ́ṣúárì, a dúpẹ́. Ibi tí bàbá wa fẹ́ gan-an lẹ sin wọ́n sí. A ò ní kí ẹ hú wọn."

Baálẹ̀ wo Fọlárìn. "Ìwọ lo gbẹ́ sàréè yẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ sí i?"

Fọlárìn ò lè parọ́. Ó ní òun náà ni. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ogún ọdún jà lé lórí bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ Ṣóyẹmí bẹ́ẹ̀.

Ibi ìsìnkú ìjọba ni wọ́n wá sin bàbá Fọlárìn sí, láàárín àwọn tí kò lẹ́nìkan. Níbẹ̀ ni àbúrò bàbá rẹ̀ ti ní kí wọ́n ṣí pósí. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ́, ó sì tún un wò. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Fọlárìn.

"Ọmọ mi," ló wí, "rírí pósí kọ́ ni rírí òkú."