Olóyè Ṣówándé Nínú Irà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, ọmọdé tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri bí ẹni ń jẹ guguru ni. Ẹ sún mọ́bí. Ìwọ tó ò ń tòògbé lẹ́yìn yẹn, jókòó dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òwe yìí dàgbà ju kankéré lọ, kó dìde, kó wá sọ tirẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láàárín Òkè-Irà àti Èbúté-Irà. Wọ́n gbẹ́ kànáàlì, wọ́n wá da kankéré sí etí rẹ̀, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Arúgbó tí orúnkún ń dùn á rìn ín, á tún máa súfèé. Kànáàlì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, irà wà lọ́wọ́ òsì, ohun tí Ọlọ́run sì kó sínú irà yẹn kò ṣeé fẹnu sọ: lékelèke, akàn, awọ́nrínwọ́n, ọ̀bọ tí ń bára wọn jà lórí igi. Ẹ ṣáà máa wò wọ́n láti orí kankéré yín, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Èmi náà ti rìn ín, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é títí dòní.

Olóyè Ṣówándé ti Òkè-Irà kì í dúpẹ́ ní tiẹ̀. Èèyàn dáadáa ni o, ọpẹ́ ló kàn wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, á ní, "Ó dáa." Ó wá ṣe, ìyàwó ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́run fún tipẹ́, bí ọmọkùnrin sí Èbúté-Irà. Wọ́n ní Olóyè ni yóò sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n bí kò bá tètè dé, bàbá ìyàwó ni yóò sọ ọ́. Olóyè ò sì lè gbà fún àna rẹ̀ yìí láéláé.

Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, Olóyè gba ọ̀nà kànáàlì, pé kí òun lọ sùn sọ́hùn-ún. Ló bá rí ẹja àrọ̀ ńlá kan tó ń jà pìtìpìtì nínú ẹrẹ̀. Ọ̀fẹ́ dé! Ó sọ̀ kalẹ̀ láti mú un, irà gbé e mì dé orúnkún. Ó figbe ta. Ìyá Ọládoyin, obìnrin tó ń dẹ ìgèrè fún ẹja nínú irà náà, tí ahéré rẹ̀ wà létí ọ̀nà, ló na ọ̀pá ìtukọ̀ sí i, tó fà á jáde. Olóyè gbọn ẹrẹ̀ nù. Kò sọ pé "o ṣé," kò tilẹ̀ sọ pé "ó dáa." Ìtìjú ló gbé e padà sílé lọ wẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa. Ẹni tí a bá ṣe lóore, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á lọ sọ pé, "Ẹ ṣeun àná o." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ọládoyin gbálẹ̀ iwájú ahéré rẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó bu omi tútù sílẹ̀, ó ń retí. Olóyè dé lóòótọ́. Ó fa fìlà bojú, ó kọjá fìrìì bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Kò tíì rìn jìnnà tó fi kan ọ̀nì. Gbọọrọ ló na ara rẹ̀ dábùú kankéré, ó ń yá oòrùn. Àbí kí ló ń wá nínú ẹrẹ̀, nígbà tí ibi tó gbóná wà? Olóyè ṣe "ṣíọ̀," ọ̀nì ò mira. Ó wo oòrùn, ó rántí àna rẹ̀, ló bá ní kí òun gba ẹ̀gbẹ́ yí i ká. Gbọ̀ọ́! Irà gbé e mì dé ìbàdí.

"Obìnrin yìí! Wá fà mí jáde!"

Ìyá Ọládoyin gbé ọ̀pá dé, ó dúró lórí kankéré. "Ẹ káàárọ̀, Olóyè. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Àná ńkọ́?"

"Àná wo? Ìwọ ò rí ọ̀nì ni?"

"Mo rí i. Òun kì í kọjá láìwo ojú mi."

Irà dé àyà. "Ìyá Ọládoyin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣé."

"Fún kí ni, Olóyè? Mi ò tíì ṣe nǹkan kan lónìí."

Ọ̀nì la ojú kan. Irà dé èjìká. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun àná!"

"Ẹn-ẹ́n. Mo gbálẹ̀ dè yín, mo tẹ́ní dè yín. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa."

Ọ̀nì la ojú kejì, ó tún lanu. Irà dé àgbọ̀n. Ọpẹ́ wá bẹ́ lẹ́nu Olóyè bí omi ẹ̀rọ: "Ìyá mi! Ẹ ṣeun àná! Ẹ ṣeun ọ̀pá, ẹ ṣeun ẹní, ẹ ṣeun omi tútù tí n kò mu! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó da kankéré! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, ọbẹ̀ rẹ̀ dùn, ó pẹ́ tó ti ń dùn! Ìwọ ọ̀nì, o ṣeun tí o ò tíì jẹ mí!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìyá Ọládoyin. Ó fi ọ̀pá gbá kankéré gbàì, ọ̀nì yọ́ wọ inú kànáàlì. Ó na ọ̀pá náà sí Olóyè, ó fà á jáde, ó sì sìn ín dé Èbúté-Irà.

Àna rẹ̀ ti gbé ọmọ sọ́wọ́, ó ti lanu, nígbà tí Olóyè já wọlé tẹrẹ̀tẹrẹ̀. "Ẹ dúró!" Wọ́n gbé ọmọ fún un. Orúkọ gbọọrọ tó ti pèsè láti ilé, tó kún fún oyè, ti bá irà lọ. Ó wo ọmọ, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọpẹ́yẹmí ni," ló wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Ọládoyin lójú gbogbo àna.

Ìròyìn délé ọba. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní òwe, ṣùgbọ́n ta ló máa fi olóyè ilẹ̀ yìí pa òwe? Àwọn àgbà bò ó láṣírí, wọ́n yọ orúkọ Ṣówándé kúrò nínú òwe náà, wọ́n fi ọmọdé, ọmọ ọlọ́mọ, rọ́pò rẹ̀. Ìdí rèé tí a fi ń sọ ọ́ di òní pé, ọmọdé tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà.